Èrò Bó-bá-kù

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé kí ni a lè pe “standby” ní èdè Yorùbá, ìyẹn irú ìrìn-àjò òfurufú tí ènìyàn yóò lọ jókòó ti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ láìní ìjókòó kankan tí a yà sọ́tọ̀ fún un, tí yóò máa retí pé bóyá ẹnìkan nínú àwọn tí ó sanwó kò ní yọjú. Bí ẹ bá ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè kọ sínú ìwé, “èrò adúró-de-àyè” kò burú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìyá ọkọ mi ti fún nǹkan náà lórúkọ tirẹ̀ nínú ilé wa. “Bó-bá-kù” ni Màámi ń pè é. Bí ó bá kù, a óò lọ. Bí kò bá kù, a óò padà sílé lọ dáná.

Ọkọ mi ni ó mú wa mọ ọ̀nà náà. Láti ọdún 2008 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare ní Chicago, níbi tí ó ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀, tí ó sì ń tú ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe ní Ìbàdàn kí a tó kó wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ilẹ̀ òkèèrè ti rí kò ní béèrè àlàyé lọ́wọ́ mi. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n adùn kan wà lára rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ fún òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà àti àwọn òbí rẹ̀ ní páàsì. Ẹni tí ó ní páàsì yìí lè wọ ọkọ̀ wọn láìra tíkẹ́ẹ̀tì, àfi owó orí àti owó péépèèpé bí ó bá ń ré kọjá ààlà. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní, ẹ̀tọ́ sí ìjókòó.

Ẹni tí ó bá ti wọ sọ̀ọ́lẹ̀ rí ní Èkó yóò sọ pé òun ti mọ ọ̀rọ̀ náà, pé àyè tí ó ṣófo nínú ọkọ̀ ni a fi ń gbé ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Awakọ̀ sọ̀ọ́lẹ̀ ń wá ọ. Òun gan-an ni yóò dúró, tí yóò na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, nítorí owó rẹ ń bẹ nínú ìṣirò epo rẹ̀. Ní ti bó-bá-kù, kò sí ẹni tí ó ń wá ọ. Bí o bá wọ ọkọ̀, kò dùn wọ́n. Bí o kò bá wọ̀ ọ́, kò dùn wọ́n. Kódà o lè ti jókòó, kí o ti de bẹ́líìtì mọ́ ìdí, kí ẹni tí ó sanwó sáré dé, kí wọ́n sì bẹ̀ ọ́ pé kí o dìde.

Ibo ni àyè náà ti ń wá? Àwọn kan a sùn gbàgbé, ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn mìíràn wá láti ìlú mìíràn a pẹ́, àwọn mìíràn a sì yí ọjọ́ padà nígbà tí ó kù díẹ̀. Nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ju iye ìjókòó lọ. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí ọkọ mi bá níbẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ìgbà tí ó dára. Kí ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣe òfin ọdún 1978 tí ó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa dá iye tíkẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, ó wọ́pọ̀ kí ọkọ̀ gbéra tòun ti ìjókòó òfìfo tí ó súnmọ́ ìdajì. Lóde òní, nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó, ó lé ní ọgọ́rin tí ènìyàn ń jókòó sí, bí a bá pín in káàkiri ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé bá ń sá lọ síbi oòrùn, kò sí èyí tí ó ṣófo. Ọdún 2020 nìkan, nígbà àrùn Kòrónà, ni àyè pọ̀ lọ jàra, kò sì sí ibi tí a lè lọ.

Bí àyè márùn-ún bá wá kù, tí ènìyàn méjìlá sì ń dúró dè é, ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé? Ilé iṣẹ́ kan wà tí ó ń wo ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ara hàn lórí ìwé lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Èyí tí ọkọ mi wà ń wo ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọ iṣẹ́. Ẹni ogójì ọdún tí ó wọ iṣẹ́ ní 2005 ń ṣíwájú ẹni ọgọ́ta ọdún tí ó wọ iṣẹ́ ní 2008, àti òun àti gbogbo ẹbí rẹ̀. Àwọn òyìnbó aládùúgbò wa kan rí i bí ohun tí kò bójú mu. Màámi kò bá wọn bú u. “Bí ti obìnrin ilé ni wọ́n ṣe ń ṣe é,” ni ó wí, ó sì tọ̀nà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nínú agbo ilé Yorùbá, kì í ṣe ọjọ́ orí ni a fi ń mọ ìyálé yàtọ̀ sí ìyàwó. Ọjọ́ tí obìnrin wọlé ọkọ ni a ń kà. Kódà ọmọ ọwọ́ tí ìyàwó bá nílé, ọkọ ni ó jẹ́ fún un, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gbẹrẹfu. Màámi jìyà ètò yìí nígbà èwe, ó sì jẹ adùn rẹ̀ lágbà. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ní O'Hare tí yóò ṣàjèjì sí i.

Ohun tí ó ṣàjèjì sí i ni bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Lójú pátákó iná tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé ni ó máa ń hàn, pẹ̀lú lẹ́tà kan láti inú orúkọ ẹni. “Ọlá” ni orúkọ ìdílé ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà OLA ni wọ́n ń kọ, láìsí àmì lórí, láìsí àmì nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé àmì ohùn ń yọ yín lẹ́nu, ẹ wá wo ohun tí àìsí rẹ̀ ń fà. Ó lè jẹ́ ọlá, ìyẹn iyì. Ó lè jẹ́ ọlà, ìyẹn ọrọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Màámi gbójú sókè wo pátákó náà, ó kà á fún ara rẹ̀, ó ní, “Ọ̀la? Àbí wọ́n ní kí a padà wá lọ́la ni?” Lọ́jọ́ náà, ọ̀la náà ni ó sì já sí.

Ìwà àti aṣọ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ń fi páàsì rìn kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó gbé dání. Orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó ni páàsì ni ó gbé rìn. Bí o bá bá ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣe gbólóhùn asọ̀, wọ́n lè gba páàsì gbogbo ilé, iṣẹ́ ẹni náà pàápàá sì lè mì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ní Denver, ilé iṣẹ́ United kò jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin méjì kan wọ ọkọ̀ nítorí ṣòkòtò tí ó lẹ̀ mọ́ra pinpin tí wọ́n wọ̀. Páàsì ẹbí òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń rìn, aṣọ náà kò sì bá ìlànà páàsì mu, bẹ́ẹ̀ ni èrò tí ó sanwó lè wọ̀ ọ́ láìsí ẹni tí yóò bi í. Ariwo náà ta káàkiri. Ní tèmi, n kò fẹ́ràn kí àgbàlagbà máa yẹ ṣòkòtò ọmọ ọlọ́mọ wò. Màámi ní tirẹ̀ sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ìró àti bùbá ni ó sì máa ń wọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, gèlè lórí, pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lábẹ́ bùbá.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé kò sí owó tíkẹ́ẹ̀tì lè rò pé ọjọ́ Kérésìmesì ni a máa ń gbéra. Rárá o. Ìparí oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ni tiwa, nígbà tí àwọn olówó ti lọ, tí wọ́n ti bọ̀, tí ìsinmi ilé ìwé kò sì tíì dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú sàn ju ọjọ́ Àìkú lọ lọ́nà jíjìn. A kì í di ju ẹrù ọwọ́ lọ. A kì í sanwó ilé ìtura tẹ́lẹ̀. A sì gbọdọ̀ ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ mìíràn nípamọ́, bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí pátápátá. Òfin kan tún wà tí Màámi fi lélẹ̀ fúnra rẹ̀: a kì í fi bó-bá-kù lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú.

Ìgbà òtútù ọdún 2019 ni ó kọ́ wa ní èyí tí ó kù. Màámi ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì máa ń gan bí ọ̀gìnnìtìn bá ti wọlé. Kò jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Kìíní náà, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ padà sí Ìbàdàn lọ kú. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí wọ́n jọ ń di ẹrù jẹ́ ọmọ Puerto Rico, ìyá rẹ̀ sì ń gbé ní Carolina, ìlú tí pápákọ̀ òfurufú San Juan wà. Ó ní kí a máa bọ̀, pé yàrá ń bẹ. Nítorí pé abẹ́ Amẹ́ríkà ni Puerto Rico wà, Màámi kò nílò físà. Èmi, Màámi, ọmọ mi obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá àti àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà ni a kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 29 oṣù Kìíní. Ọkọ mi kò lè lọ. Ìsinmi ìgbà òtútù náà, ọjọ́ tí ènìyàn wọ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń pín in, kò sì tíì kàn án.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àyè mọ́kànlá ni ó wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku mẹ́ta, ènìyàn méje sì wà níwájú wa. A padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, òtútù tí Chicago kò rí irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún balẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n 31 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n ti ilé ìwé. Àwọn tí ń pín lẹ́tà kò jáde. Wọ́n fagi lé ọkọ̀ òfurufú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́. Ó wí pé wọ́n ń jáde sí pápá fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, wọ́n á sì sá wọlé lọ yáná, àwọn mìíràn á jáde. Nígbà tí ó dé lálẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti pọ́n, kò sì lè ká ìka ọwọ́ rẹ̀ mú ṣíbí. Màámi ni ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra á lọ́wọ́, láìsọ ohunkóhun.

Bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀, àwọn tí ó sanwó fún un ni wọ́n ń pín sínú àwọn ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nítorí náà àwọn èrò bó-bá-kù a wá di ẹni ẹ̀yìn pátápátá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ni a tó tún rí ìrètí. Ilẹ̀ ti ṣú. OLA wà lójú pátákó lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èrò wọlé tán, obìnrin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà pè mí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ó ní méjì péré ni ó kù, ta ni yóò lọ? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀wò. Bí èmi àti Màámi bá lọ, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ ní pápákọ̀ òfurufú, nígbà tí bàbá wọn wà lábẹ́ ọkọ̀? Bí èmi àti ọmọ kan bá lọ, mo fi ìyá ọkọ mi sílẹ̀ nínú òtútù, ẹni tí ìrìn-àjò náà tìtorí rẹ̀ wáyé. Bí mo bá sì ní kí Màámi máa lọ láìsí mi, ó dà bí ẹni tí ìyàwó ilé ń lé jáde. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí a padà sílé.” Ó wò mí. Ó ní, “Orúnkún ta ni ń ro nínú wa?” Kí n tó dáhùn ó ti dìde, ó ti di ọmọ mi obìnrin mú lọ́wọ́. “Èyí gbọ́ òyìnbó, ó mọ̀wé kà. Òun ni ojú mi. Èmi ni àgbà rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn.” A tú báàgì sílẹ̀ níbẹ̀, a kó oògùn rẹ̀ láti inú tèmi sínú tirẹ̀, a kó bàtà ọmọ, obìnrin ẹnu ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá wa fà síìpù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnu ọmọ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìjókòó méjèèjì kò sí papọ̀. Ọkùnrin kan tí ó sanwó ni ó gbà láti bọ́ sí ibòmíràn kí ìyá àgbà lè jókòó ti ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ mi ti bẹ ẹnìkan kí ó bá òun pààrọ̀ ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, wọ́n rí i tí ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá iná méjì, a kò rí ojú rẹ̀ nínú fìlà àti ìbòjú, ṣùgbọ́n Màámi mọ ìrìn ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. “Àjàní, Àjàní ọmọ mi,” ó ń kì í títí dé orí àwọn baba ńlá, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń ki ènìyàn ní gbangba. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọ nǹkan tí ó fi sétí. Ọmọ mi ní ojú ti òun díẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń hó, ìbòtí sì wà létí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni èmi àti ọmọkùnrin tó rí àyè. Ẹ má rẹ́rìn-ín: lọ́jọ́ náà gan-an yìnyín ti ń yọ́ ní Chicago, àwọn ènìyàn ń jáde láìwọ kóòtù. Ìrìn-àjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún. Bí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí àwọn tapólì aláwọ̀ búlúù lórí àwọn òrùlé. Ìjì líle María tí ó jà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni ó ṣí wọn, ọ̀pọ̀ ni kò sì tíì rí owó tún un kàn. Ilé tí a dé sí náà ní tirẹ̀ lórí ilé ìdáná.

Nínú ilé ìdáná yẹn ni mo ti bá Màámi. Ó ti bọ́ súwẹ́tà méjèèjì. Òun àti onílé kò gbọ́ èdè ara wọn rárá, ọmọ mi kò sì gbọ́ Sípáníìṣì, síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Onílé ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, ó ń kó o sínú odó igi kékeré kan, ó ń fi áyù sí i. Màámi ni ó di ọmọ odó mú. Mofongo ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Màámi sọ fún mi pé obìnrin yìí mọ́wọ́, ṣùgbọ́n odó rẹ̀ ti kéré jù, pé odó ata ni. Lórí iná kejì ni ìrẹsì wà pẹ̀lú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní gandules. Mo bù ú wò: òtílí ni! Òtílí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́, tí Màámi fi dàgbà lóko, tí ó ti sọ fún wa títí pé a kò lè rí i ní Amẹ́ríkà. Inú agolo ló wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a lò. Láràárọ̀ ni àwọn ìyá méjèèjì máa ń rìn létí òkun Isla Verde, ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá, ìkejì pẹ̀lú fìlà koríko, tí oníkálùkù ń sọ èdè tirẹ̀ sí èkejì. Orúnkún náà kò san tán, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ọ̀rọ̀ Ìbàdàn sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ènìyàn mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ náà, owó rẹ̀ ì bá ju owó ilé wa oṣù kan lọ. Nígbà tí aládùúgbò wa kan pe ìrìn-àjò náà ní ọ̀fẹ́ lójú Màámi, ó ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ẹni náà ti rí ọwọ́ Àjàní.

Ọdún 2022 ni ìsinmi oṣù Kejì tó kan ọkọ mi. Nínú ọkọ̀ náà, ó sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn títí tí a fi balẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ó sì jókòó sí.

Màámi ti di ẹrù ọ̀tun báyìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ ni a kọ sílẹ̀. Nígbà tí mo wò ó lálẹ́ àná, àyè mẹ́sàn-án ni ó ṣì wà nínú ọkọ̀ àárọ̀, àwa mẹ́ta ni a ń lọ, ènìyàn mẹ́rin sì ni ó ṣíwájú wa.